Ìnọ́ọ̀fù Ti Àǹtí Tíṣà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó jẹ́ pé bí mo bá jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀, Sùúrùlérè ni à ń gbé, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ kan tí kò jìnnà sí ọjà. Yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín wọn tó máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń gbé fúláàtì, ẹ ò lè mọ adùn irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì lè mọ ìyà rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń din ata ní yàrá ìkẹyìn, gbogbo ilé ni yóò sín. Bí tọkọtaya bá ń jà, gbogbo wa la ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kí àwọn fúnra wọn tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí, "enough", èyí tí ẹnu wa ń pè ní ìnọ́ọ̀fù. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo ti kọ́ ọ, mi ò sì tíì rí ìwé tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi tó obìnrin tó kọ́ mi.

Yàrá iwájú pátápátá, èyí tó ní fèrèsé sí títì, ni obìnrin náà ń gbé. Tíṣà ni wọ́n ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yábàá, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni wọ́n. Àǹtí Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ẹ wo obìnrin! Ẹ̀wù wọn máa ń le gbagidi fún sítáàṣì, òórùn ọṣẹ ló sì máa ń ṣáájú wọn wọlé. Bí wọ́n bá ń kọjá lọ, àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò níwájú ilé á rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ wọ́n. Àwọn nìkan ló ń gbé yàrá náà, àwọn àti bẹ́ẹ̀dì kan àti tábìlì ìrókò ńlá kan tó gba ìdajì yàrá. Bàbá wọn tó jẹ́ káfíńtà ló kan tábìlì yẹn fún wọn lọ́dún tí wọ́n di tíṣà. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń máàkì ìwé, wọ́n máa ń fi epo nù ún títí ara rẹ̀ á fi máa dán, ọmọ tó bá sì fi ọwọ́ ọ̀rá kàn án, orí ló máa kó o yọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Láyé ìgbà náà, àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ kí obìnrin dá gbé. Bí ẹnì kan kò bá tíì lọ́kọ, tí kò sì bímọ, àwọn ará ilé á wá ọmọ kan fún un, kó máa bá a pọnmi, kó máa bá a gbálẹ̀, kí yàrá má bàa dákẹ́ jù. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyá kan nínú ilé wa tí kò fi ọmọ lọ Àǹtí Tíṣà rí. Ìyá mi fi èmi gan-an lọ̀ wọ́n. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo wọn, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Mo tó ara mi." Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ìyá. Wọ́n á dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n á máa yọ ṣùtì: "Ó tó ara rẹ̀? Ṣé òun ni Ọlọ́run ni?" Wọ́n ní ìgbéraga ni, wọ́n ní ìwé ló ń gùn ún. Síbẹ̀, bí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wọn bá fìdí rẹmi ní ilé ìwé, ẹnu ọ̀nà ẹni tí wọ́n ń bú yìí ni wọ́n máa ń sáré lọ.

Wọ́n ń kọ́ wa lóòótọ́, wọn ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n á tẹ́ ẹní sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, wọ́n á kó gbogbo ọmọ ilé jọ. Ẹ máa rò pé wọ́n á kó ìwé jáde. Rárá o. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún wa fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á ní, "Ẹ lọ wá a rí. Ẹni tó bá rí i, kó mú un bọ̀ ní Sátidé." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa, ní ìdí ìkòkò, lójú títì, níbi tí àwọn àgbà ti ń jà. Mo ti gba oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ láti ìgbà náà, mo sì ti jókòó níwájú àwọn olùkọ́ ńlá ńlá. Kò sí èyí tó gbọ́n tó èyí.

Ọ̀sẹ̀ ìnọ́ọ̀fù dé. Àǹtí Tíṣà ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Wọ́n ní ọbẹ̀ lè tó, aṣọ lè tó, ọmọ lè dàgbà tó ẹni tó ń dá sọdá títì, ọ̀bẹ sì lè mú tó èyí tó ń gé iṣu. Wọ́n ní bí ìyá bá pariwo rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ tó ń jà, sùúrù ìyá náà ló ti dópin. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìka sókè, wọ́n ní, "Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé nǹkan tó, tàbí pé kò tó, ẹ bi í: Tó fún kí ni? Tó fún ta? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" A tún un sọ tẹ̀ lé wọn, bí ẹni ń kọ orin.

Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ pé nǹkan ò tó ló wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ìyá mi ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Mushin, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìjọ́rà, àwọn méjèèjì, èmi, àtàwọn àbúrò mi mẹ́ta la wà nínú yàrá kan. Bàbá Onílé sì ti ní èèyàn inú yàrá kan kò gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi lọ síbi ìsìnkú, nígbà tí wọ́n sì máa bọ̀, wọ́n mú ọmọbìnrin kan dání, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn yìí, tí ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú. Kò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Aṣọ rẹ̀ kò ju èyí tó dì sínú ìborùn kan lọ, ó sì gbé e mọ́ àyà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Àwọn ọmọ ilé ń sín ohùn òkè rẹ̀ jẹ, wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ náà sì di ẹni tí kì í fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tí Bàbá Onílé fi mọ̀. Ìlà tó ń gùn sí i ní ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá lówùúrọ̀ ló tú wa fó. Wọ́n pe bàbá mi síta, wọ́n ní, "Ṣáláńgá mi ò lè gba gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ o." Wọ́n ní bí oṣù bá fi parí tí ọmọ náà ṣì wà ní yàrá wa, kí gbogbo wa kó jáde. Bàbá mi wá yàrá mìíràn títí, wọn ò rí. Níkẹyìn, ẹnì kan júwe obìnrin olóńjẹ kan ní Ìgànmú tó ń wá ọmọ tí yóò máa bá a fọ abọ́. Wọ́n ní obìnrin náà á fún un lóúnjẹ, á sì fún un níbi sùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìwé. Mo bá ìyá mi tó ń sunkún nídìí ààrò, mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní àlùbọ́sà ni. Ẹ̀wà ni wọ́n ń sè, wọn ò tíì gé àlùbọ́sà kankan sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Sátidé fi dé, a sì kó ìnọ́ọ̀fù wa lọ fún Àǹtí Tíṣà. Ọmọkùnrin kan ní bàbá òun ti na òun ní ìnọ́ọ̀fù lọ́sẹ̀ yẹn.

Àǹtí Tíṣà bi í pé, "Tó fún ta?"

"Tó fún èmi, mà."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Àwọn ò tíì gbà pé ó tó, mà."

A rẹ́rìn-ín títí tí ẹní fi ká lábẹ́ wa. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní òun tú etí yunifọ́ọ̀mù àbúrò òun sílẹ̀, ó sì ti tún gùn tó títí di Kérésìmesì. Àǹtí Tíṣà pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Àyè yàrá wa ò tó, mà. Bàbá Onílé ló sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n bi mí pé kò tó fún ta. Mo fi ẹnu júwe Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó jókòó sí ìkángun ẹní lọ́hùn-ún.

Àǹtí Tíṣà yíjú sí i. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí lo mú wá fún wa?"

"Mi ò gbọ́ òyìnbó, mà."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà ò ní sá."

Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sórí ẹní níwájú gbogbo wa, ó ká orúnkún rẹ̀ mọ́ àyà, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ibi tó gbà lórí ẹní yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta á gbà jù ú lọ. Ó sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Bí mo ṣe ń sùn nìyí, mà. Ó tó mi. Àní, ó tún ń ṣẹ́kù. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún Bàbá Onílé pé mi ò gba àyè."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí Tíṣà rọra bi í pé, "Ta ló sọ pé ó tó?"

Ó ní, "Èmi ni, mà."

Wọ́n dìde, wọ́n ní ẹ̀kọ́ tán fún ọjọ́ náà, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. A rò pé inú ló bí wọn. Àwọn ọmọ kan tiẹ̀ ń dá mi lẹ́bi pé èmi ni mo dárúkọ Bàbá Onílé.

Lọ́jọ́ kejì, tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí Tíṣà ṣì wà nínú aṣọ ìsìn tí wọ́n fi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n pe bàbá mi àtàwọn ọkùnrin ilé. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé tábìlì síta. Tábìlì ìrókò yẹn! Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn lójú. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e gba ẹ̀gbẹ́, kò gbà. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n tún un gbé, òógùn bò wọ́n, gbogbo ilé sì jáde wá wòran. Ibẹ̀ ni Bàbá Onílé bá wa, pákò lẹ́nu.

"Tíṣà, kí ló dé? Ṣé ẹ ń kó lọ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Mò ń retí ẹnì kan ni. Ọmọ tí ẹ ní yàrá bàbá rẹ̀ ò gbà, yàrá tèmi gbà á."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ tó ara yín?"

"Mo tó ara mi, Bàbá. Mi ò sọ pé yàrá mi kún."

Bàbá Onílé yọ pákò lẹ́nu. "Ṣáláńgá wá ńkọ́?"

"Ọjọ́ tó bá kún, sà, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Ẹ̀rín bú sọ́dẹ̀dẹ̀. Bàbá Onílé ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín borí àwọn, wọ́n ní tábìlì yẹn ti dí ọ̀nà ilé àwọn. Àǹtí Tíṣà kúnlẹ̀ fún wọn, wọ́n kúnlẹ̀ dáadáa nínú aṣọ ìsìn yẹn, wọ́n ní, "Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún mi, Bàbá. Gbogbo ọmọ ilé ni yóò máa kàwé lórí rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ ọmọ yín." Bàbá Onílé pòṣé, wọ́n wò yíká, wọ́n sì padà wọlé. Bí ọ̀rọ̀ Ìgànmú ṣe kú nìyẹn.

Ìyá mi ti ń sunkún, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Àǹtí Tíṣà fà wọ́n dìde. "Ẹ jẹ́ kó yé wa o, mà. Mi ò gba ọmọ ọ̀dọ̀. Kò ní pọnmi mi, kò ní fọ aṣọ mi. Ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti máa jẹun, torí ọmọ yín ni. Ilé ìwé ni yóò máa bá mi lọ. Àyè tó máa fi sùn ni mo fún un." Ohùn wọn wá wálẹ̀. "Bó ṣe kéré yìí náà ni mo ṣe kéré tí wọ́n fi mí fún obìnrin kan ní Èbúté-Mẹ́ta. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ń sùn. Èmi náà ti ká ẹsẹ̀ jọ rí, mo sì ń sọ fún ara mi pé ó tó. Kò tó. Látìgbà náà ni mo ti pinnu pé kò sí ọmọ tí wọ́n máa fà lé mi lọ́wọ́ láti wá sìn mí."

Ẹ ò bá rí ojú àwọn ìyá tí wọ́n ti ń yọ ṣùtì nídìí ẹ̀rọ omi. Ọ̀kan nínú wọn wọlé lọ, ó gbé ìrọ̀rí tuntun wá. Òmíràn mú aṣọ ìbora wá. Bàbá mi lọ bá wa yá bẹ́ẹ̀dì onígi kékeré kan, wọ́n sì tò ó sí ibi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ yàrá náà.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ bí ohun tí Àǹtí Tíṣà ṣe ti pọ̀ tó. Obìnrin náà fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ju ẹran lọ. Wọ́n ti jìyà kí wọ́n tó rí yàrá kan tó jẹ́ tiwọn nìkan, wọ́n sì là á sí méjì láàárín Sátidé sí Sọ́ńdè. Orí àpótí kékeré ni wọ́n wá ń jókòó máàkì ìwé, ìwé á sì wà lórí itan. Àwa ọmọ gba tábìlì, a da tàdáwà sí i, a fi abẹ gbẹ́ orúkọ wa sí i lára. Wọ́n á kọjá, wọ́n á wò ó, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọn ò sì bá wa wí. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn débi pé mò ń fara wé ìrìn wọn.

Ó pẹ́ gan-an kí ẹsẹ̀ ọmọ náà tó mọ̀ pé àyè ti wà. Ó sọ fún mi pé bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, Àǹtí Tíṣà á dìde, wọ́n á bá òun ní kíká sí igun bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì fọwọ́ kan òun lẹ́sẹ̀. "Na ẹsẹ̀ ẹ. Àyè tó." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ó wá di ọjọ́ kan, wọn ò nílò láti sọ ọ́ mọ́.

Ọmọ náà kàwé. Ó di nọ́ọ̀sì, ó kọ́lé, ó bímọ. Nígbà tí Àǹtí Tíṣà darúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, òun ló lọ kó wọn wá sí ilé rẹ̀ ní Yábàá. Mo lọ kí wọn níbẹ̀. Ó ti fún wọn ní yàrá tó dára jù nínú ilé, bẹ́ẹ̀dì tó gba èèyàn mẹ́ta. Mo wọlé, mo bá Àǹtí Tíṣà tí wọ́n tẹ ara wọn mọ́ ògiri, orúnkún wọn sún mọ́ àyà, nítorí pé àwọn ọmọ ọmọ máa ń wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, wọn ò sì fẹ́ gba àyè mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi, àbúrò mi, Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn.

"Àǹtí, ẹ na ẹsẹ̀ yín. Àyè tó."

Màmá àgbà yẹn la ojú kan, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu wọn. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi gùn dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ nu ojú mi. Wọ́n ti lọ báyìí, wọ́n ti sinmi.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ti wó ilé yẹn, fúláàtì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú géètì tó ga ju òrùlé àtijọ́ lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò sì mọ orúkọ ara wọn. Tábìlì náà wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin gan-an lẹ gbé tẹlifíṣọ̀n lé e. Ẹ ń sọ òyìnbó ju bí Àǹtí Tíṣà ṣe sọ ọ́ lọ. Àmọ́ nígbà tí ẹ wá ní Kérésìmesì, mo gbọ́ yín tí ẹ ń sọ pé yàrá ò tó, ọmọ kan ní òun ò lè bá ẹnikẹ́ni sùn ní yàrá kan, ẹ sì kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé tèmi ní Sùúrùlérè níbí, yàrá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́ta ló sì ṣófo. Orí bẹ́ẹ̀dì ńlá ni mò ń sùn, mo máa ń na ẹsẹ̀ mi títí dé òpin, kò sì kan ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti gba họlidé, ẹ máa bọ̀, gbogbo yín. Àyè tó. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.